Oògùn ADHD àti Ara Ọmọ: Ìbéèrè Tí Àwọn Òbí Ń Bi Wá Jù Lọ

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ń lo oògùn ADHD, ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Bí ọmọ bá ti ń bọ́ bàtà láti gun ìwọ̀n báyìí, ìbéèrè kan náà ni òbí yóò bi mí, ni mo bá kó wọn jọ. Dókítà tó mọ ara ọmọ yín ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí oògùn rẹ̀.

Ọpọlọ ni oògùn yìí wà fún. Kí ló wá kan ìwúwo ọmọ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Oògùn kì í dúró sójú kan lára. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi agbára kún dopamine àti noradrenaline, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíì. Èyí ló ń jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sí ohun tó ń ṣe, kó sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n noradrenaline yìí náà wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkàn àti nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì lọ́wọ́ nínú ebi àti oorun. Ìdí nìyí tí oúnjẹ fi ń sú ọmọ jẹ, tí ọkàn rẹ̀ sì lè máa yára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ìròyìn iléèwé nìkan ni gbogbo wa ń gbọ́. Tíṣà ní ọmọ ti ń gbọ́ràn, máàkì ti gòkè, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i pé ihò kẹta ni wọ́n ń de bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ihò kìn-ín-ní ni lóṣù mélòó kan sẹ́yìn.

Ṣé ohun kan náà ni gbogbo oògùn ADHD ń ṣe sí ara?

Rárá. Methylphenidate, dexamfetamine àti lisdexamfetamine jẹ́ oògùn tó ń ta ọpọlọ jí. Wọ́n máa ń dín ìfẹ́ oúnjẹ kù, wọ́n sì máa ń gbé ìfúnpá àti ìlù ọkàn sókè díẹ̀. Atomoxetine kò sí nínú ìdílé yẹn, àmọ́ òun náà ń gbé ìfúnpá àti ìlù ọkàn sókè.

Guanfacine àti clonidine ń lọ sí òdìkejì. Wọ́n ń fa ìfúnpá àti ìlù ọkàn wálẹ̀, ọmọ a máa tòògbé, òmíràn a sì máa sanra. Ẹ mọ orúkọ oògùn ọmọ yín àti ìwọ̀n rẹ̀ ní mílígíráàmù. “Oògùn funfun kékeré yẹn” kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí ọmọ bá dákú lóru.

Kí ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò kí ọmọ tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì?

Gíga rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ àti iye ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí a ò bá mọ ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, a ò ní mọ̀ bóyá ó ń dàgbà tàbí ó ń dín kù.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè nípa ọkàn. Ṣé ó ti dákú rí níbi tó ti ń sáré? Ṣé àyà máa ń dùn ún, tàbí kó máa mí gúlegúle ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí wọ́n bá ń ṣeré? Ṣé wọ́n bí i pẹ̀lú àléébù ọkàn? Ṣé bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ kan ti kú lójijì kí ó tó pé 40 ọdún? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí máa ń ṣòro fún àwọn ìdílé láti dáhùn, pàápàá tó bá jẹ́ ohun tí wọn kì í sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́. Dókítà ọmọ nìkan ló fẹ́ gbọ́ ọ, ó sì lè yí ohun tó máa ṣe padà.

Ẹ tún sọ bí ọmọ ṣe ń sùn àti bó ṣe ń jẹun kí oògùn tó dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ADHD ni kì í tètè sùn tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a ò bá kọ ìyẹn sílẹ̀, oògùn la máa dá lẹ́bi lọ́la.

Ṣé dandan ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ECG yẹ ọkàn rẹ̀ wò?

Kì í ṣe fún gbogbo ọmọ. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2018, sọ pé kí wọ́n má ṣe é bí ìṣe fún gbogbo ẹni tó ń lo oògùn yìí, àfi tí ìdí bá wà. Ìdí yẹn ni irú ohun tí mo béèrè lókè yìí, tàbí kí dókítà gbọ́ ariwo tí kò yẹ nínú ọkàn ọmọ, tàbí kí ìfúnpá rẹ̀ ga. Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò ó.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí wọ́n máa wọn ọmọ?

Ìlànà kan náà ló là á sílẹ̀ báyìí. Gíga: oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ìwúwo: oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọmọ tí kò tíì ju ọdún 10 lọ. Tó bá ti ju ọdún 10 lọ, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ìfúnpá àti ìlù ọkàn: ṣáájú àti lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn padà, àti oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.

Bí oúnjẹ bá ń sú ọmọ jẹ tàbí tó ti rù, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. A lè wọ̀n ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Guanfacine tún fẹ́ kí a sún mọ́ ọn jùyẹn lọ: ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá ìwọ̀n tó bá ọmọ mu, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní ọdún kìn-ín-ní, kó tó wá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Báwo la ṣe ń wọn ọmọ kó péye? Nǹkan tí a wọ̀n nílé kì í bá ti yín mu.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù nìyí. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí ìwé fi hàn pé ó ti kúrú ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀ gan-an. Ìgbà tí a wo àkókò tí a kọ sílẹ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ la ti wọ̀n ọ́n nígbà àkọ́kọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni ti ẹ̀ẹ̀kejì. Gbogbo wa la máa ń ga díẹ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí ọ̀pá ẹ̀yìn yóò sì sọ̀ díẹ̀ bí ojúmọ́ ṣe ń lọ. Ara ọmọ náà kò ṣe nǹkan kan. Àkókò ló yàtọ̀.

Nítorí náà, àkókò kan náà, ìwọ̀n kan náà, aṣọ fẹ́lẹ́. Ẹ bọ́ bàtà. Kí ọmọ fi gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kó wo iwájú tààrà, kó má gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ fi pákó tàbí ìwé líle tẹ orí rẹ̀ títí yóò fi kan agbárí, kì í ṣe irun. Irun tí wọ́n kó jọ sí àtàrí lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta kún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má máa wọn ọmọ lójoojúmọ́. Omi tó mu lásán lè yí nọ́ńbà padà, yóò sì máa dà yín láàmú.

Àwọn ìlà tó wà lórí àtẹ ìdàgbàsókè, kí ni wọ́n túmọ̀ sí?

Ẹ fojú inú wo ọmọ 100 tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, tí wọ́n tò láti ẹni tó kúrú jù dé ẹni tó ga jù. Ìlà 50 ni ọmọ tó wà láàárín. Ọmọ tó wà lórí ìlà 10 kò ṣàìsàn. Ó lè jẹ́ pé bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ohun tí à ń ṣọ́ ni bóyá ó ń tọ ojú ìlà tirẹ̀. Bó bá kúrò lórí 50, tó bọ́ sí 25, tó tún ń sún mọ́ 10, ó yẹ kí á sọ̀rọ̀. Àwọn òbí a máa sọ fún mi pé, “Kílò rẹ̀ ò kúkú dín, 27 náà ló ṣì wà.” Ọmọ tó ń dàgbà ni. Kílò tó dúró lójú kan fún odindi ọdún kan ti dín nìyẹn, nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Ọmọ mi kì í jẹun ọ̀sán mọ́. Ike oúnjẹ rẹ̀ máa ń padà dé bó ṣe lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀sán ni oògùn tó ń ta ọpọlọ jí máa ń lágbára jù, pàápàá irú èyí tó ń pẹ́ lára. Ẹ má bá a jà lórí oúnjẹ ọ̀sán; ìjà yẹn kì í so èso, ó sì máa ń sọ oúnjẹ di ọ̀tá ọmọ. Àkókò méjì ni ẹ ní lọ́wọ́. Ọ̀kan ni àárọ̀ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: kó jẹun yó kó tó lò ó, tàbí kó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Èkejì ni ìrọ̀lẹ́ tí oògùn bá ti ń wálẹ̀, tí ebi á ṣàdédé dé. Tó bá sọ pé ebi ń pa òun ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ fún un ní oúnjẹ gidi. Ẹ má sọ pé àsìkò ti kọjá.

Ohun tí ẹ bá fún un, kó kéré lójú ṣùgbọ́n kó lágbára nínú: ohun tó ní ọ̀rá tó dára, ẹyin, wàrà, ẹ̀pà bí kò bá kọ̀ ọ́ lára. Ìpanu kékeré lórí ìrìn máa ń wọlé ju àwo ńlá lọ.

Tí gbogbo èyí kò bá ran ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ di ti dókítà. Ó lè dín ìwọ̀n oògùn kù, ó lè yí i padà sí òmíràn, ó sì lè ní kí ọmọ sinmi rẹ̀ díẹ̀.

Ṣé oògùn yìí máa sọ ọmọ mi di kúkúrú?

Ó lè dín gíga kù díẹ̀. Èmi kì í sọ fún òbí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní MTA, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú ọmọ 579 tó wà láàárín ọdún 7 sí 9. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn nínú ìwádìí náà tí wọ́n sì ń lò ó lọ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 kúrú ju àwọn tí kò lò ó, wọ́n sì fúyẹ́ sí i.

Ọmọ tí kò tíì bàlágà máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga lọ́dún. Tí ti ọmọ yín bá fi 3 péré ga lọ́dún tó kọjá, kí dókítà gbọ́. Kì í sì í ṣe oògùn nìkan ló lè fà á. Àìsàn mìíràn lè wà nídìí rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń di ẹrù rẹ̀ lé oògùn lórí.

Ìfúnpá àti ìlù ọkàn: nígbà wo ló ti pọ̀ jù?

Ní àpapọ̀, oògùn tó ń ta ọpọlọ jí máa ń fi ẹyọ 2 sí 4 kún ìfúnpá, ó sì máa ń fi ìlù 3 sí 6 kún ti ọkàn ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn kéré fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn díẹ̀ ni tiwọn máa ń fò sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọn la ṣe ń wọn gbogbo wọn. Bí ọkàn bá ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ọmọ sì jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sì wálẹ̀, tàbí tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá bá ju ìlà 95 ti ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ dín oògùn kù, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń wé mọ́ apá rẹ̀. Tó bá kéré jù fún apá ọmọ, nọ́ńbà irọ́ tó ga ni yóò jáde. Tó bá tóbi jù, irọ́ tó wálẹ̀ ni. Kí ọmọ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. Ọmọ tó sáré gun àkàsọ̀ wọlé ò tíì ṣeé wọ̀n.

Mo gbọ́ pé oògùn yìí máa ń dá ọkàn ọmọdé dúró. Ṣé òótọ́ ni?

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yìí ti wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, ìjọba Kánádà dá títa Adderall XR, oògùn ADHD kan tó ń ta ọpọlọ jí, dúró nítorí ìròyìn ikú òjijì. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tán, wọ́n dá a padà sórí àtẹ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ní 2011, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine tó wo ọmọdé àti ọ̀dọ́ tó ju mílíọ̀nù 1.2 lọ. Kò rí ẹ̀rí pé àwọn tó ń lo oògùn ADHD ń ní ìṣòro ọkàn tó le ju àwọn yòókù lọ.

Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ní àléébù tẹ́lẹ̀ yàtọ̀. Tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ dókítà ọkàn kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn yìí tó sì dákú níbi eré, tàbí tí àyà bá ń dùn ún, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kì í sùn títí di aago méjìlá òru.

Ẹ kọ́kọ́ wo àkókò tó ń lo oògùn. Èyí tó ń pẹ́ lára, tí wọ́n bá lò ó ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ṣì lè wà lára lálẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìgbà tó dùbúlẹ̀ àti ìgbà tó sùn lọ, kí ẹ sì mú ìwé náà wá. Ẹ má fọ́ oògùn tó ń pẹ́ lára sí méjì kó má baà lágbára. Gbogbo agbára rẹ̀ lè jáde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ ṣáá, èjìká rẹ̀ sì ń já sókè. Ìka rẹ̀ náà máa ń funfun.

Ojú tó ń ṣẹ́ àti èjìká tó ń já wọ́pọ̀ lára ọmọ tó ní ADHD, oògùn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ ya fídíò rẹ̀ kí dókítà lè rí i, nítorí kì í ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa. Ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ tó ń funfun tàbí tó ń dúdú tí òtútù bá mú un, ẹ jẹ́ kí a gbọ́. Oògùn tó ń ta ọpọlọ jí lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bí nǹkan ọmọkùnrin bá le gbandi tó sì kọ̀ tí kò wálẹ̀, pàápàá tó bá ti ju wákàtí mẹ́rin lọ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ ìtìjú máa ń jẹ́ kí ọmọ pa á mọ́ra.

Atomoxetine ni tiwa. Kí la máa ṣọ́?

Ìwúwo, gíga, ìfúnpá àti ìlù ọkàn bíi ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀dọ̀: bí ẹyinjú bá ń pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè, bí ìtọ̀ bá dúdú, bí ara bá ń yún un tàbí kí inú máa dùn ún lápá ọ̀tún lókè, ẹ mú un wá kíákíá. Kò wọ́pọ̀. Èkejì ni èrò inú ọmọ fúnra rẹ̀. Láti 2005 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oògùn yìí pé àwọn ọmọ kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìpara-ẹni, pàápàá níbẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá sọ pé òun ì bá má ti wáyé, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Guanfacine tán nílé láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kó sinmi títí oṣù á fi parí?

Ó tì o. Ẹ pe dókítà lónìí. Oògùn yìí àti clonidine ń fa ìfúnpá wálẹ̀, tí wọ́n bá dúró lójijì, ìfúnpá lè fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Bí ọmọ bá ti fo ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá a padà sórí ìwọ̀n ńlá tó ń lò tẹ́lẹ̀ fúnra yín. Ó lè ní láti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ń bì, tí oògùn kò dúró nínú rẹ̀, náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn máa ń gbàgbé ìyẹn.

Òtútù mú un. Ṣé ó lè lo oògùn òtútù?

Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó rà á. Pseudoephedrine tó wà nínú àwọn kan, èyí tó ń la imú, lè gbé ìfúnpá sókè, oògùn tó ń lò náà sì ń gbé e. Ohun mímu tó ń fúnni lágbára náà, kó jìnnà sí i. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kó má fi ohun tó ń fà símú sílẹ̀ láé nítorí ADHD. Kí dókítà ṣáà mọ̀ pé ó ń lo méjèèjì, pàápàá tó bá jẹ́ atomoxetine.

Ọmọ mi kò tíì pé ọdún 6. Ṣé ti tirẹ̀ yàtọ̀?

Yàtọ̀ gan-an. Ara ọmọ kékeré kì í fara da oògùn yìí bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, FDA ní kí wọ́n kọ ọ́ sára gbogbo oògùn tó ń ta ọpọlọ jí tó ń pẹ́ lára pé àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 6 wà nínú ewu kí wọ́n rù. Onímọ̀ ìlera ọmọdé tó gbọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa nìkan ló yẹ kó pinnu lórí rẹ̀.

Ṣé ká dá oògùn dúró nígbà ìsinmi iléèwé?

Àwọn ọmọ kan ń jàǹfààní rẹ̀: wọ́n á jẹun, wọ́n á sanra díẹ̀. Fún àwọn mìíràn, ìsinmi yẹn ni wọ́n ń já sí títì láìwo ọ̀nà. Ẹ bá dókítà ṣètò rẹ̀, kí wọ́n wọn ọmọ kó tó dáwọ́ dúró àti kó tó padà. Guanfacine, clonidine àti atomoxetine kì í ṣe oògùn tí à ń dá dúró báyìí nígbà ìsinmi.

Ọmọbìnrin mi ti ń bàlágà. Inú rẹ̀ dùn pé òun ń rù, kò sì fẹ́ gun ìwọ̀n mọ́.

Ẹ má fi ipá mú un, ẹ má sì fi ojú kékeré wò ó. A lè wọ̀n ọ́n kó kọ ẹ̀yìn sí nọ́ńbà, nínú yàrá tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sí, kí a má sì pe nọ́ńbà náà síta. Mo máa ń bi ọmọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí mọ́mì bá ti jáde: kí lo jẹ lánàá, ṣé nǹkan oṣù rẹ ṣì ń wá? Tó bá ń lo oògùn nítorí kó lè rù, tàbí tó ń fi pamọ́ kó lè lò ju iye tí wọ́n kọ lọ, ìṣòro mìíràn ti wà nílẹ̀ tó nílò ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa tọ́jú oògùn náà, kí ẹ sì máa ka á.

Oògùn ń ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó ń rù. Èwo ni ká yàn?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, kò sì ní ìdáhùn kan fún gbogbo ọmọ. Ẹ mú ìwé méjì wá sọ́dọ̀ dókítà: èyí tí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, àti èyí tí ẹ kọ ohun tó yí padà nínú ayé rẹ̀ sí, bí ọ̀rẹ́ tó ní báyìí, ìwé tó ń kà, ìjà tó ti dín kù nílé. Ẹ bi dókítà bóyá ìwọ̀n tó kéré sí i lè mú púpọ̀ nínú àǹfààní náà dúró, tàbí bóyá oògùn mìíràn lè bá a mu.

Kí ẹ sì bi ọmọ. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan sọ fún mi lórí ìwọ̀n pé, “Mo fẹ́ràn bí orí mi ṣe máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ebi máa pa mí.” Dókítà dín oògùn rẹ̀ kù ní ìpele kan, wọ́n sì fi oúnjẹ alẹ́ kejì kún ti tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti padà sórí ìlà rẹ̀.